Ọkà bàbà yẹn ti jinná o!

Ẹ kú ojúmọ́ o, èmi tí mo pariwo lọ́jọ́sí pé ọkà bàbà tí mo fẹ́ máa fi jẹ ẹja le bí òkúta, ẹ̀fọ́ inú ẹ̀ wá di ṣákíṣákí, mo ti dé o.

Ẹni tó ní kí n fi sómi mọ́jú, ẹ ṣeun gan-an, ibẹ̀ ni wàhálà mi wà. Mo ṣà á, mo fọ̀ ọ́ títí (iyanrìn inú ẹ̀ kì í ṣe kékeré), mo fi sómi lálẹ́, nígbà tó di àárọ̀ mo da omi yẹn nù, ife 1 ọkà sí ife 3 omi tuntun, iyọ̀ díẹ̀, iná jẹ́jẹ́, ó gbà tó wákàtí 1, mo wá sẹ́ èyí tó kù lára omi ẹ̀.

Mi ò se ẹ̀fọ́ mọ́ ọn mọ́ o. Mo fi òróró ṣíbí 2 dín àlùbọ́sà, káróòtì, tàtàṣé àti irú (ẹ má bínú, Ẹ̀pẹ́ la wà), mo da ọkà sí i, ṣọkọ ló kẹ́yìn, kò ju ìṣẹ́jú 3 lọ tí mo fi pa gáàsì.

Ìyá ọkọ mi tí wọ́n kọ́kọ́ ní ṣé oúnjẹ adìyẹ ni mò ń sè, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bù ú, pẹ̀lú ẹja yíyan láti ọjà Olúwo. Ọmọ mi ní tiẹ̀ ṣa káróòtì jẹ, ó fi ọkà sílẹ̀.

Ẹni tó bèèrè nípa jéró, mi ò tíì sè é. Ọ̀rọ̀ ti parí níbí o.