Ẹsẹ̀ racking tẹ̀, wọ́n lẹ téèpù mọ́ ọn: ta ni kí n lọ bá?

Ọmọ Ìlárá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò lè sọ ọ́ tán fún ìyàwó mi, torí mi ò fẹ́ kó máa jókòó ṣọ́ aago bí mo bá ti jáde lálẹ́.

Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe nílé ìkẹ́rùsí ńlá kan láàárín ilẹ̀ England níbí, ó ti pé oṣù 14. Ìyàwó mi ló ní físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, abẹ́ tirẹ̀ ni mo wà. Oúnjẹ inú agolo là ń kó, ti èèyàn àti ti ajá, àwọn racking wa, ìyẹn àgbékà irin tí a ń to ẹrù sí, sì ga ju òkè ilé alájà kan lọ. Lóṣù kejì ọdún yìí, ọmọkùnrin kan ń fi forklift rìn sẹ́yìn, ló bá gbá ẹsẹ̀ irin kan ní ojú ọ̀nà keje. Mo wà níbẹ̀. Ó dún bí ìgbà tí ìkòkò irin bá já bọ́ nínú ilé tó ṣófo. Ọ̀dà ara irin náà bó, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ̀ wọnú, níbi tó ga tó orúnkún mi. Máníjà wá wò ó, ó lẹ téèpù yẹ́lò yí i ká, ó ní ká máa báṣẹ́ lọ. Dòní olónìí, ẹrù ṣì kún orí rẹ̀ dé òkè, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà la sì ń gbà kọjá.

Ìyẹn nìkan kọ́. Tó bá ti di aago kan òru, tí ọkọ̀ ẹrù bá ti pọ̀, wọ́n á to pálẹ́ẹ̀tì oúnjẹ ajá dí ilẹ̀kùn àsálà tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ẹ mọ pátákó aláwọ̀ ewé tó ní àwòrán ẹni tó ń sáré? Orí ẹni náà nìkan lèèyàn ń rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́n lọ́dún 2002 á rántí iná ilé iṣẹ́ ní Ìkòròdú, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ lóru. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Bàbá mi pa rédíò, kò lè gbọ́ ọ dópin.

Mo kọ ọ̀rọ̀ irin yìí sínú ìwé tí wọ́n ní ká máa kọ ohun tó bá fẹ́ di jàǹbá sí. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ti fa ojú ewé yẹn ya. Etí rẹ̀ ṣì kù lára okùn ìwé. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń bójú tó wa, ọmọ Ìjẹ̀bú, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Àbúrò, iṣẹ́ lo wá ṣe, ìwọ kọ́ lo kọ́ ilé yìí." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, mo mọ̀. Mò ń sanwó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lóṣooṣù, ilé iṣẹ́ sì gba ẹgbẹ́ náà wọlé, ṣùgbọ́n aṣojú ààbò wa ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá, a ò tíì yan òmíràn.

Ta ni kí n lọ bá? Ṣé orúkọ mi ò ní jáde? Ṣé kò ní kan físà wa?

Bàbá Kẹ́mi

Àbúrò, o káre tó o bèèrè. Ó di ọdún 9 tí mo ti ń ṣe aṣojú ààbò fún ẹgbẹ́ wa ní Doncaster, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ náà sì ni.

Téèpù kì í gbé ẹrù ró. Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ojú lásán lo fi wò ó, wọ̀n ọ́n. Wá irin tó gún tó sì gùn tó mítà 1, gbé e ti ẹsẹ̀ racking náà níbi tó tẹ̀, kí o wo àlàfo tó wà láàárín méjèèjì. Bó o ṣe júwe rẹ̀, ó tẹ̀ wọnú, kúrò lójú ọ̀nà. Mílímítà 3 ni SEMA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe racking nílẹ̀ yìí, fàyè gbà fún irú ìyẹn. Tó bá jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ló tẹ̀, níbi tí igi ìdábùú gbà, 5 ni. Tó bá ti ju ìlọ́po méjì lọ, ìyẹn 6 fún tìrẹ, pupa ni wọ́n ń pè é: kí wọ́n kó gbogbo ẹrù orí rẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbé nǹkan kan síbẹ̀ mọ́ títí wọ́n á fi tún un ṣe. Má ṣe dá nìkan lọ.

Lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ yín ní ẹkùn, lónìí. Òfin ọdún 1977 fún aṣojú ààbò tí ẹgbẹ́ bá yàn lágbára láti yẹ ibi iṣẹ́ wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kó ṣáà ti fi ìwé ta ilé iṣẹ́ lólobó. Bí ẹ bá ní aṣojú méjì tí wọ́n jọ fọwọ́ sí ìwé, wọ́n lè ní kí ilé iṣẹ́ dá ìgbìmọ̀ ààbò sílẹ̀, oṣù 3 péré ni ilé iṣẹ́ ní láti ṣe é. Kí ló dé tí o ò fi ní jẹ́ ọ̀kan? Ojú rẹ là á sí nǹkan.

Tí ilé iṣẹ́ bá kọ etí ikún, ọ̀rọ̀ irin, káńsù ló ni í, torí káńsù ló ń mójú tó èyí tó pọ̀ jù nínú ilé ìkẹ́rùsí, kì í ṣe HSE, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò lẹ́nu iṣẹ́. Ilẹ̀kùn àsálà yàtọ̀: àwọn panápaná ló ni ìyẹn lábẹ́ òfin ààbò iná ọdún 2005. Pín in sọ́nà méjì, kí wọ́n má bàa máa jù ọ́ síwá sẹ́yìn.

Alàgbà Ọ̀tà

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Ọdún 22 ni mo ti lò níbí, mo ti rí ẹni tó sọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ayé ẹ̀ di líle. Ọmọ mi, tí ìwé ìgbélé rẹ bá ti jáde, nígbà yẹn ni kó o sọ̀rọ̀. Ìdílé rẹ ni kó o kọ́kọ́ dáàbò bò.

Ìyá Tòlú

Ẹ jọ̀ọ́ sà, irin yẹn kò ní dúró de ìwé ìgbélé. Ẹni tó bá wó lù, òun náà ní ìdílé.

Àbúrò mi, ní ti físà: ìwọ tó o wà lábẹ́ ìyàwó rẹ, kì í ṣe ilé iṣẹ́ yẹn ló mú ọ wá, o lè ṣiṣẹ́ níbòmíràn lọ́la. Ìyẹn gan-an ni wọn ò ní fẹ́ kó o mọ̀.

Ní ti orúkọ, àwọn tí mo fẹjọ́ sùn nígbà tèmi kò dárúkọ mi. Fọ́tò ló tú mi fó. Ibi tí mo ti yà á, èmi nìkan ni mo máa ń dúró síbẹ̀ láago mẹ́ta òru. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé mi lọ sí yàrá yìnyín. Ẹgbẹ́ ló gbà mí sílẹ̀, pẹ̀lú òfin ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ọdún 1996, abala 44: wọn ò gbọdọ̀ fìyà jẹ èèyàn nítorí ewu tó fi hàn. Láti oṣù karùn-ún 2021, ó ti kan àwọn òṣìṣẹ́ ẹ́jẹ́ńsì náà. Nítorí náà, jẹ́ kí ẹgbẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà, kí ó má dúró lé ìwọ nìkan lórí. Máa kọ ọjọ́ àti wákàtí ohun gbogbo, ilé rẹ ni kó o tọ́jú ìwé náà sí. Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn ọ́, tètè pe Acas, àjọ tó ń báni yanjú aáwọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, àkókò ilé ẹjọ́ kì í gùn.

Ọmọ Ìlárá

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí n wá jábọ̀.

Èmi àti ọmọ Poland kan la jọ wọ̀n ọ́n lásìkò ìsinmi. A ò ní rúlà tó kéré tó bẹ́ẹ̀, la bá ki owó ẹyọ pọ́n-ùn kan bọ àlàfo náà. Mẹ́ta wọlé, wọ́n tò léra, àyè ṣì kù. Ó ju mílímítà 8 lọ nìyẹn. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọjọ́ kẹfà, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ wá fúnra rẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú wọ́n ti kó ẹrù orí irin náà kúrò.

Ilẹ̀kùn ló le. Wọ́n kun ìlà síwájú rẹ̀, òru méjì péré, pálẹ́ẹ̀tì tún padà. Panápaná ti wá lẹ́ẹ̀kan, láti ìgbà náà wọn ò tíì tún dí ilẹ̀kùn náà.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú wá bá mi ní ojú ọ̀nà keje. Ó ní kí n fi ibi tí mo ki owó sí han òun. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ́ ibi tó tẹ̀, ó pẹ́ kó tó dìde. Ọmọ rẹ̀ ti ń bá wa ṣiṣẹ́ láti oṣù tó kọjá, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Wọn ò fún mi ní ovataimu láti ìgbà náà, wọ́n sì ń fún àwọn tó bá mi dé lọ́jọ́ kan náà. Òru mẹ́fà ni. Mo ti kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí Ìyá Tòlú ṣe wí, ìwé náà ti wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Wọ́n ti fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ pẹ̀lú: èmi ni aṣojú ààbò fún àwọn òṣìṣẹ́ òru.