Ọmọ wa ń kọ́ ọkọ̀ wíwà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì: kí ni kí àwa òbí ṣe?

Ìyá Mobọ́lá béèrè:

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọmọ wa ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún 17, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ti akẹ́kọ̀ọ́ sì ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n owó ẹ̀kọ́ náà wọ̀ wá lọ́rùn, a sì fẹ́ kí ó máa fi ọkọ̀ tiwa dánra wò láàárín ọ̀sẹ̀. Baba rẹ̀, tí ó ti wakọ̀ ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó wá bá wa níbí, tí ó sì yege ìdánwò ti ìlú yìí ní ọdún méjì sẹ́yìn, gbà pé òun ni ó yẹ kí ó máa jókòó tì í. Ìwé àṣẹ tèmi ti pẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n àyà mi a máa já bí ọmọ bá ti gbé ọkọ̀ kúrò nílẹ̀, igbe mi sì ti sú u débi pé ó ní òun kò fẹ́ bá mi jáde mọ́. Kí ni ẹ̀yin ṣe ní ilé tiyín tí ọkàn òbí fi balẹ̀, tí ọmọ sì fi mọ iṣẹ́ náà dáadáa?

Olùkọ́ Ìwakọ̀, Leeds, dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Ìyá Mobọ́lá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti òfin, nítorí pé ó lè kó bá ọmọ. Ẹni tí yóò jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21, kí ó sì ti ní ìwé àṣẹ kíkún fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Wọn kì í ka ọdún tí ènìyàn fi ní ìwé àṣẹ Nàìjíríà mọ́ ọn. Ti ilẹ̀ yìí àti ti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kan ni wọ́n ń kà. Nítorí náà, bí ìrírí Bàbá Mobọ́lá tilẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ nínú wa lọ, wọn yóò ní sùúrù títí ọdún mẹ́ta náà yóò fi pé. Bí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ dúró, ọmọ gan-an ni yóò jìyà: owó ìtanràn lè tó £1,000, póìǹtì tí wọn yóò kọ sórí ìwé àṣẹ rẹ̀ sì lè tó 6. Ẹ kọ orúkọ ọmọ mọ́ ìwé adójútòfò ọkọ̀ yín kí ó tó fọwọ́ kan sítíárìn, kí ẹ lẹ àmì L pupa mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ẹ sì fi ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ń pè ní M sílẹ̀ fún olùkọ́, nítorí pé ọ̀dọ̀ olùkọ́ nìkan, nínú ọkọ̀ tó ní búrẹ́kì méjì, ni òfin ti gba akẹ́kọ̀ọ́ láàyè níbẹ̀ láti ọdún 2018.

Èyí tó jẹ mí lógún jù lọ ni pé iṣẹ́ òbí kọ́ ni láti kọ́ ọmọ ní ohun tuntun. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ náà lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó tún èyíinì nìkan ṣe, ní ọ̀nà tí ẹ ti jọ yàn kí ẹ tó kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ ìjà tí mo ń gbọ́ jẹ́ ìjà lórí òfin tó ti yí padà. Láti ọjọ́ 29, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2022, bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn bá dúró láti sọdá títì tí awakọ̀ fẹ́ yà sí, awakọ̀ ni ó yẹ kí ó dúró fún un. Òbí tó ti gba ìwé àṣẹ ṣáájú ìgbà náà a máa pariwo pé, “Kí lo dúró ṣe?” nígbà tó jẹ́ pé ohun tó tọ́ gan-an ni ọmọ ń ṣe.

Ìyá Ìbejì, Peckham, dáhùn:

Ìyá Mobọ́lá, mo mọ ẹ̀rù yẹn. Igbe “Yéè!” tàbí “Ṣọ́ra!” kò sọ ohun tí ọmọ yóò ṣe fún un, ó kàn ń mú kí ó wo ojú ìyá rẹ̀ dípò títì. Ní ilé wa, a máa ń sọ iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ó ṣe, “Dín eré kù,” tàbí “Dúró lẹ́yìn bọ́ọ̀sì yẹn,” a sì máa ń sọ ibi tí yóò yà sí kí ó tó dé ibẹ̀ rárá. Ohun tó tù mí lára jù ni pé mo ní kí ọmọ máa sọ ohun tí ó ń rí sókè bí ó ti ń wakọ̀: iná ti di pupa, ẹnì kan ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lọ́wọ́ òsì. Bí mo bá ti gbọ́ pé ó ti rí i, kò sí ohun tí mo ń pariwo lé lórí mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan àwa Yorùbá. A ti tọ́ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n dákẹ́ bí àgbà bá ń bá wọn wí, ẹ̀kọ́ tó dára sì ni, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn léwu, nítorí pé ọmọ lè ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe nígbà tí ojú rẹ̀ ti rí ọkọ̀ mìíràn tó ń bọ̀. Mo sọ fún tèmi pé kò sí àrífín nínú kí ó ní, “Mọ́mì, àyè kò tíì sí,” mo sì ń gbà á gbọ́. Ìbáwí di ìgbà tí a bá ti gúnlẹ̀, tí ẹ̀rọ ti kú. Àwa ìyá díẹ̀ nínú ìjọ wa a sì máa pe ara wa lórí fóònù lẹ́yìn tí a bá ti dé, kí ẹ̀rù tó kù má baà dà lé ọmọ lórí.

Bàbá Ayọ̀, Manchester, dáhùn:

Kí Bàbá Mobọ́lá má rò pé wọ́n ti yọ àwọn sẹ́yìn o. Ìdánwò inú ìwé ṣì wà níwájú ọmọ: ìbéèrè 50, tí ó gbọ́dọ̀ gba 43 nínú rẹ̀, pẹ̀lú fídíò 14 tí yóò ti máa tọ́ka sí ewu tó ń bọ̀, tí yóò sì gba 44 nínú 75. Bàbá Mobọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò yìí ni, ó ṣì wà lórí wọn dáadáa, wọ́n sì mọ gbogbo ohun tí àwọn ní láti yí padà láti orí wíwakọ̀ lápá ọ̀tún nílé sí apá òsì níbí. Inú ilé ni kí wọ́n ti máa bi ọmọ ní ìbéèrè.

Ìyá Mobọ́lá dáhùn:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti ka ti ọdún mẹ́ta náà fún ọkọ mi, wọ́n sì ti ní kí ọmọ gbé ìwé òfin ojú pópó wá lálẹ́ òní. Ṣé wọ́n lè jókòó sẹ́yìn bí èmi àti ọmọ bá ń jáde?

Olùkọ́ Ìwakọ̀, Leeds, dáhùn:

Òfin kò kọ̀ ọ́, mà. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ohùn kan ṣoṣo máa darí rẹ̀. Bí ó bá ti lè gba rọ́ńdábáòtù kọjá láìsí pé ẹ sọ̀rọ̀, ẹ lè pe baba rẹ̀ kí wọ́n wọlé sẹ́yìn.