Ọmọ mi ra pátákó ìgbì, ó ní Ocean Beach lòun ń lọ ní Sátidé!

Ìyá Tóbi (Daly City): Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará ilé. Tóbi, ọmọ ọdún 16, ti kó gbogbo owó tó ń gbà níbi tó ti ń fọ abọ́, ó fi ra pátákó tí wọ́n fi ń gun ìgbì. Inú gáréèjì ni mo bá a sí láàárọ̀ yìí, ó ń fi ìda kùn ún. Ó ní òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun ń lọ sí Ocean Beach ní Sátidé. Ọmọ tó jẹ́ pé odò ìlúwẹ̀ẹ́ ilé ìwé nìkan ló mọ̀! Bàbá ẹ̀ wà níbi iṣẹ́ ní Texas, ó ní kí n fi í sílẹ̀, ọkùnrin ni. Ṣé kí n jẹ́ kó lọ? Tó bá sì máa lọ, kí ni kí n rà fún un? Mo rí aṣọ rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀, òmíràn $90, òmíràn $400. Ẹ dá mi lóhùn kíá.

Màmá Ìbejì (Oakland): Ẹ gbé pátákó yẹn pamọ́. Ẹ ní àlejò fẹ́ yà á lò.

Ọmọ Ìlàjẹ (San Diego): Ẹ ṣé ẹ dúró ná, Ocean Beach wo? Àwa náà ní Ocean Beach ní San Diego níbí. Ajá ló pọ̀ níbẹ̀ ju ewu lọ.

Ìyá Tóbi (Daly City): Ti San Francisco ni.

Ọmọ Ìlàjẹ (San Diego): Há! Ẹ má jẹ́ kó lọ. Ayétòrò ni wọ́n bí mi sí, etí òkun ni mo dàgbà sí, mi ò sì ní wọ omi yẹn. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó síbẹ̀ pé omi ti gbé àwọn èèyàn lọ níbẹ̀, títí kan àwọn tó kàn fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ omi. Ọ̀nà ló máa ń là láàárín ìgbì, tí omi á máa gba ibẹ̀ padà sọ́gbun, á sì máa gbé ẹni tó bá bá níbẹ̀ lọ. Àwọn tó bá ń bá a jà pé àwọn á padà sílẹ̀ tààrà, àwọn gan-an ló ń rẹ̀. Kó má bá a jà. Kó di pátákó ẹ̀ mú, kó gba ẹ̀gbẹ́ lọ, kó máa bá etíkun lọ gbọọrọ títí omi á fi jù ú sílẹ̀, kó tó wá kọjú sílẹ̀. Òmùwẹ̀ ló ń bómi lọ, ẹ jẹ́ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Richmond: Ẹ rọra máa dẹ́rù ba ìyá ọlọ́mọ. July la wà yìí. Ìgbà òtútù ni ìgbì ńlá ń dé ibẹ̀. Atẹ́gùn ló ń yọ wọ́n lẹ́nu nísinsìnyí, ìgbì ò ga.

Ọmọ Ìlàjẹ (San Diego): Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìgbì ni kò ga. Omi tó ń fani kò lọ sí ìsinmi July.

Àbúrò Santa Cruz: Ìyá Tóbi, ẹ má ra ti $90 yẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti mílímítà 2, ti àwọn ará San Diego. Lápá ibi tá a wà yìí, ẹ wá èyí tí wọ́n bá kọ 4/3 sí, mílímítà 4 láyà, 3 lápá àti lẹ́sẹ̀. Bàtà rọ́bà náà ńkọ́, kó má gbàgbé ẹ̀. Nígbà tí mo dé láti Èkó, mo ní kí ni wọ́n ń pè ní òtútù létí òkun tí oòrùn ń ràn? Ṣòkòtò péńpé ni mo wọ̀ wọ omi. Nígbà tí mo jáde, ọwọ́ mi ti kú débi pé mi ò lè tẹ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Bàbá òyìnbó kan ló bá mi ṣílẹ̀kùn, ló bá ń rẹ́rìn-ín. Ibùdó ìtọ́jú pàjáwìrì ni mo bá lọ, owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi á ra aṣọ rọ́bà mẹ́ta.

Màmá Ìbejì (Oakland): Ṣé òkun Pàsífíìkì kọ́ lẹ̀ ń sọ ni? Hawaii ṣe wá lọ́ wọ́ọ́rọ́?

Dókítà Berkeley: Màmá, láti àríwá ni omi tiwa ti ń ṣàn wá, láti apá Alaska lọ́hùn-ún. Atẹ́gùn ìgbà ìrúwé àti ìgbà ooru tún máa ń ti omi òkè kúrò létíkun, omi ìsàlẹ̀ tó tutù bíi kí ni á wá gòkè dípò ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi San Francisco fi ń wà láàárín Fahrenheit 50 sí 60 lọ́pọ̀ ìgbà, tí ti San Diego á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 70 nígbà ooru. Omi tútù yẹn náà ló ń bí kùrukùru. Bí oòrùn bá ṣe ń mú àwọn ará Sacramento tó, bẹ́ẹ̀ ló ń fa kùrukùru bò wá. Ẹni tó bá fẹ́ gbádùn etíkun San Francisco, kó dúró de September àti October.

Màmá Ìbejì (Oakland): Kí ló dé tẹ́ ò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà ayẹyẹ ọkọ mi! Ọjọ́ ìbí 50 ọdún, oṣù July, Half Moon Bay, aṣọ ẹbí léèsì aláwọ̀ omi òkun. Kùrukùru dé, DJ ò rí ẹni tó ń jó. Atẹ́gùn ṣí ìbòrí, ó gbé e dé ojú títì, ẹni tó ni ín sì gba owó ẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ayamáṣe dì nínú kúlà. Àwọn ìyá ìjọ fi aṣọ tábìlì bora.

Àǹtí Inglewood: 😂😂😂 Mo wà níbẹ̀! Aṣọ tábìlì yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi.

Alhaji Torrance: Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ omi, èmi ń sọ̀rọ̀ èèyàn. Ìyá Tóbi, ẹ kìlọ̀ fún ọmọ yín nípa àwọn agunìgbì yẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé pátákó lọ síbì kan lápá ọ̀dọ̀ wa, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Kò ì pẹ́ nínú omi tí wọ́n fi ń pariwo lé e lórí, wọ́n ń bú u. Nígbà tó jáde, wọ́n ti fi ìda kun gíláàsì iwájú mọ́tò mi látòkè délẹ̀. Ìda yẹn kì í lọ! Mo lo omi gbígbóná, mo lo ọṣẹ, mo fi káàdì báńkì ha á. Nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni.

Ọmọ Ìlàjẹ (San Diego): Alhaji, ẹ má bínú o. Kí ni ọmọ náà ṣe kí wọ́n tó pariwo?

Alhaji Torrance: Kí ni yóò ṣe? Ìgbì dé, ó gùn ún.

Ọmọ Ìlàjẹ (San Diego): Ṣé ẹnì kan ti wà lórí ẹ̀ ni?

Alhaji Torrance: Ẹnì kan ń bọ̀ láti apá kan. Ìgbì fẹ̀! Ọlọ́run ló dá a.

Ọmọ Ìlàjẹ (San Diego): Ó ti yé mi. Ẹni tó bá sún mọ́ ibi tí ìgbì ti kọ́kọ́ fọ́ ló ni ìgbì yẹn, ẹlòmíràn ò gbọ́dọ̀ já lù ú. Ní Ọ̀jọ́ọ̀ta, tẹ́ ẹ bá fò wọ dáńfó níwájú ẹni tó ti dúró látàárọ̀, ṣé wọn ò ní fi ìgúnpá gún yín?

Àǹtí Inglewood: Wọn ò ní fi ìda kun mọ́tò mi!

Àbúrò Santa Cruz: Ẹ̀gbọ́n Ìlàjẹ sọ òótọ́ nípa òfin. Ẹni tó bá já lu ẹlòmíràn lè fi pátákó là á lórí. Lọ́dọ̀ wa wọ́n á pariwo mọ́ funfun, wọ́n á pariwo mọ́ dúdú. Tọrọ gáfárà, gbé ọwọ́ sókè, ó parí.

Alhaji Torrance: Òfin tí wọn ò kọ síbì kankan! Ọmọ ọdún 14!

Àǹtí Inglewood: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ẹ má sọ ọ́ bíi pé ọ̀rọ̀ títò sórí ìlà nìkan ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dé ní àìpẹ́ ò mọ ìtàn etíkun yìí. Ní Manhattan Beach, lápá Los Angeles níbí, tọkọtaya aláwọ̀ dúdú kan, Willa àti Charles Bruce, ra ilẹ̀ létí òkun ní 1912, wọ́n ṣe ibi ìgbafẹ́ síbẹ̀ fún àwọn èèyàn wọn. Ní 1924 ìlú fi òfin gbà á, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe ọgbà. 2022 ni wọ́n tó dá a padà fún àwọn àtọmọdọ́mọ wọn, tí àwọn yẹn sì tà á padà fún káúńtì Los Angeles ní nǹkan bíi $20 mílíọ̀nù. Ọmọkùnrin kan wà tẹ́lẹ̀, Nick Gabaldón, ìyá ẹ̀ dúdú, bàbá ẹ̀ Mẹ́síkò. Ó máa ń fi ọwọ́ wa pátákó láti Santa Monica dé Malibu, máìlì 12, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun ìgbì. Ó kọlu òpó afárá Malibu, ó sì kú ní 1951. Nítorí náà tí Alhaji bá ní nítorí àwọ̀ ni, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ (San Diego): Àǹtí, mo gbà. Mi ò ní kò sí ìyẹn. Mo ní ọmọ náà já lu ẹlòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n Richmond: Àwọn agunìgbì Lunada Bay ní Palos Verdes, ṣebí òyìnbó ẹlẹgbẹ́ wọn náà ni wọ́n ń lé. Wọ́n kọ́ ilé òkúta sí abẹ́ òkè láìgbàṣẹ, wọ́n ń jókòó síbẹ̀ bí ọba. 2016 ni wọ́n tó wó o.

Alhaji Torrance: Ẹ ṣé. Òun ni mo ń sọ. Ta ni ó fi wọ́n jẹ Olókun?

Dókítà Berkeley: Kò sẹ́ni tó ni ín. Ibi tí omi bá ti rin yanrìn, ti gbogbo ìlú ni, kódà níwájú ilé àwọn olówó Malibu. Òfin etíkun 1976 sì ní wọn ò gbọ́dọ̀ dí wa lọ́nà dé òkun.

Ìyá Tóbi (Daly City): Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Sátidé ńkọ́?

Àbúrò Santa Cruz: Kó lọ sí Linda Mar ní Pacifica, kò jìnnà sí yín. Ibẹ̀ làwọn tó ń kọ́ ọ ń lọ, olùkọ́ sì wà. Tàbí kó wá sọ́dọ̀ mi ní Cowell's, ìgbì ibẹ̀ lọ́ra. Ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní California: 1885, àwọn ọmọ ọba Hawaii mẹ́ta tó wá kàwé ló fi igi redwood gbẹ́ pátákó, tí wọ́n gun ìgbì lẹ́nu odò San Lorenzo.

Alhaji Torrance: Huntington Beach ló ni orúkọ Surf City, ìlú agunìgbì. Ẹ ti gbé e dé kóòtù, ẹ ò rí i gbà.

Àbúrò Santa Cruz: Orúkọ lẹ gbà, ẹ ò gba ọmọ ọba.

Ọmọ Ìlàjẹ (San Diego): Ẹ máa jà. Àwa ń wẹ̀ nínú omi tó gbóná. Ẹ rántí fa ẹsẹ̀ nílẹ̀ tẹ́ ẹ bá wá, kẹ́ ẹ má tẹ ẹja stingray. Tó bá ta yín, omi gbígbóná tí ẹsẹ̀ lè gbà ni kẹ́ ẹ kì í bọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Houston: Galveston ń kí yín o. Omi wa gbóná látàárọ̀ dalẹ́.

Màmá Ìbejì (Oakland): Omi yín pọ́n, ọ̀gbẹ́ni. Mo ti débẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Houston: Ó pọ́n, ṣùgbọ́n a kì í fi aṣọ tábìlì bora.

Àǹtí Inglewood: 😂😂😂

Ẹ̀gbọ́n Richmond: Ibo ni ẹlẹ́ṣin wà ní gbogbo etíkun yìí? Bar Beach nígbà èwe wa, ẹṣin, àgbọn, àwọn Aládùúrà pẹ̀lú agogo lápá kan, orin fújì lápá kejì. Báyìí ilé gogoro ló wà níbẹ̀. Níhìn-ín, kí n tan àbẹ́là mẹ́ta sí yanrìn, ọlọ́pàá á dé.

Màmá Ìbejì (Oakland): Wòlíì wa gbìyànjú ẹ̀ ní Alameda. Lifeguard bi í bóyá ó ń wá ẹni tó sọnù.

Ọmọ Ìlàjẹ (San Diego): Èkó náà ń gun ìgbì o. Àwọn ọmọ Tarkwa Bay, ẹ wò wọ́n wò. Láìsí aṣọ rọ́bà kankan.

Ìyá Tóbi (Daly City): Mo ti sọ Linda Mar fún un, ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ní ibẹ̀ wà fún ọmọdé. Fìlà rọ́bà ńkọ́, ṣé dandan ni? Irun ẹ̀ pọ̀, dídì ni.

Àǹtí Inglewood: Omi iyọ̀ á ba dídì yẹn jẹ́ tí kò bá fi omi lásán ṣàn án. Ẹ̀yin ará gúúsù, ṣé ẹja grunion ń jáde lọ́sẹ̀ yìí?

Ọmọ Ìlàjẹ (San Diego): Bẹ́ẹ̀ ni, òṣùpá ti kún. Lóru, tí omi bá kún tán, ẹja á máa gorí yanrìn wá yé ẹyin. July ti dé, wọ́n ti ṣí i. April sí June lẹ ò gbọ́dọ̀ kó. Ọwọ́ lásán ni, kò sí àwọ̀n, 30 péré ni fún ẹnì kan. Ẹni tó bá ti pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ.

Alhaji Torrance: Ẹja tó ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá sínú ìkòkò! Ṣé ó dà bíi sawá?

Ọmọ Ìlàjẹ (San Diego): Ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju sawá lọ. Ẹ dín in gbẹ, pẹ̀lú ata rodo.

Màmá Ìbejì (Oakland): Mo ń bọ̀. Mo ń kó ẹ̀wù òtútù bọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Houston: Ta ló ń gbé gààrí?

Àǹtí Inglewood: Ìjẹ̀bú ni o, ẹ má gbé ti Ọ̀yọ́ wá!

Ẹ̀gbọ́n Richmond: Ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ ìyẹn lálẹ́ yìí.