Ráútà tó ń kú tó ń jí: ọ̀rọ̀ ti bùṣe

Ẹ ṣeun gan-an o. Ráútà (ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì) ṣọ́ọ̀bù wa ní Pańṣẹ́kẹ́, tí mo bi yín léèrè pé kí ló dé tó ń ṣàdédé kú tó tún ń tan, ti gbádùn. Kì í ṣe NẸ́PÀ, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹnu ṣájà tó ń wọ ìdí ráútà ni.

Nígbà tí mo rọra mi wáyà ibẹ̀, gbogbo iná ara ráútà ló kú lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, iná pawa ò ní bá a lọ.

Ṣájà tí wọ́n fi rọ́pò ti àkọ́kọ́ jọ ọ́ bí ìbejì, ẹnu àwọn méjèèjì fẹ̀ tó mìlímítà 5.5 lóde. Inú ihò ni wàhálà wà: abẹ́rẹ́ tó wà nínú ojú iná ráútà jẹ́ mìlímítà 2.1, ihò ẹnu ṣájà jẹ́ 2.5. Ó ń wọlé, kò kàn di abẹ́rẹ́ mú ni. Ẹni bá gbá tábìlì báyìí, ó parí.

Mo ra èyí tó bá a mu ní Sàpọ́n, fóòtì (agbára iná) 12 géérégé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sídìí ráútà. Áńpù (ìwọ̀n iná tí ṣájà lè gbé jáde) lè ju ti ráútà lọ, fóòtì ò gbọdọ̀ jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n fi bébà sìgá há a lẹ́nu, ẹ fẹ́ jó ṣọ́ọ̀bù ni?

Mo ti gé orí ṣájà burúkú yẹn, kí ọmọṣẹ́ wa má tún lọ tì í bọ ráútà.