Ojú sálúbàtà lórí ìgbọ̀nsẹ̀

Ọmọ Kàbà:
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ ní ká sọ ìtàn ìgbọ̀nsẹ̀ ilé wa. Tèmi rèé.

Bàbá ìyàwó mi wá kí wa láti Ìyàrá. Lọ́jọ́ kejì, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ìdájí, mo sì bá ojú sálúbàtà méjì lórí ibi ìjókòó funfun yẹn, amọ̀ pupa, ìka ẹsẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ibi ìjókòó náà ti sán. Ọmọ wo ló ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ nílé mi?

Mo dákẹ́. Ta ni yóò bi àna rẹ̀ bó ṣe ń gbọ̀nsẹ̀? Àbúrò ìyàwó mi tó ń kàwé ní Lókòjá ni kò lè pa á mọ́ra. "Bàbá, ẹ máa jókòó ni o. Bí Crapper, òyìnbó tó ṣe é, ṣe fẹ́ ká máa lò ó nìyẹn."

Bàbá wò ó títí. "Kí n fi ìdí mi kan ibi tí ìdí gbogbo àlejò ilé yìí ti kàn? Ṣáláńgá tí mo gbẹ́, ìdí ẹnikẹ́ni kì í kàn án. Kí Crapper rẹ tó dé ńkọ́, ṣé òyìnbó kì í ṣu ni?"

Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Mo wá a, mo rí i pé irọ́ ni wọ́n ti ń pa fún wa. Ọdún 1836 ni wọ́n bí Thomas Crapper. Ní 1596, John Harington ti ṣàlàyé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi nínú ìwé. Ní 1775, Alexander Cumming, ẹni tó ń ṣe aago, gba ìwé àṣẹ lórí páìpù tó tẹ̀ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ. Púlọ́ḿbà tó mọ ọjà tà ni Crapper. Orúkọ rẹ̀ wà lára ọjà, ni wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Bí ẹni pé oníbúrẹ́dì ló dá àlìkámà.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí. Mo ra ibi ìjókòó tuntun. Wọ́n ń gùn ún títí wọ́n fi lọ.

Ìyá Ìbejì, Ìsánlú:
Ọrùn pẹ́pẹ́yẹ yẹn! Ìgbà Kérésì nìkan la máa ń ṣí yàrá àlejò wa nílé. Lọ́dún yẹn, òórùn lé gbogbo wa síta. Ẹnìkan ní eku ló kú, ẹlòmíì ní sọ́kawéè ti kún. Púlọ́ḿbà dé, ó da omi korobá kan sínú ihò ìgbọ̀nsẹ̀, ó ní ká ṣí fèrèsé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, òórùn ti lọ. Omi tó máa ń dúró nínú ọrùn yẹn ló ń dènà òórùn. Ọyẹ́ ti fà á gbẹ. Ó gba ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Omi kànga wa ló sì lò o!

Ará Ẹ̀gbẹ̀:
Ilẹ̀kùn ni ẹjọ́ tèmi. Páànù la fi ká ṣáláńgá ilé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò ní ilẹ̀kùn. Bó o bá ń bọ̀, wàá wúkọ́. Bí ẹnìkan bá wà níbẹ̀, òun náà á wúkọ́, ìwọ á pẹ̀yìn dà. Ẹ ò ní kí ara yín. Níbi tí mo ń gbé báyìí, ayálégbé mẹ́fà, ìgbọ̀nsẹ̀ kan. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń gba fóònù níbẹ̀, á máa gbàdúrà fún ẹni tó pè é, àwa tó tò síta á ṣe àmín kó tó yé wa. Láàárọ̀ àná, mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó dáhùn látinú ilé ìgbọ̀nsẹ̀: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ wá oògùn lò sí ikọ́ yẹn."