Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó fẹ́ fọ́ ìpàdé wa

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣe kó mi sí wàhálà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò wa, níhà Mọ́níyà n'Íbàdàn. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ mínítì, ká tó fọwọ́ sí i, mo gbọ́dọ̀ kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ilé.

Lóṣù kan, ọ̀rọ̀ tiransifọ́má tó jó délẹ̀. Màmá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà ní àwọn ò ní dá kọ́bọ̀ mọ́, àfi tí akápò bá ka iye tó wà nílẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ títí gèlè fi yọ lórí wọn. Òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Mo fẹ́ yẹ́ wọn sí, ni mo bá kọ ọ́ pé Màmá "was vociferous". Inú mi dùn sí Gẹ̀ẹ́sì ọwọ́ mi.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo kà á. Ahọ́n mi ò kúkú mọ "v" í pè, "fosífẹrọ́ọ̀sì" ló jáde. Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì dẹtí: "Ferocious kẹ̀? Akọ̀wé, ṣé ẹkùn ni wọ́n ni?" (Ẹ sì mọ̀ pé s àti ṣ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lẹ́nu àwa ará Ìbàdàn.) Màmá dìde, wọ́n tún ìró ró. "Èmi lẹkùn? Kí ni mo fi ṣe ẹ́ tí o fi kọ mí mọ́ ẹranko?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹ pariwo."

Yéè! Mo tún bà á jẹ́ sí i. "Aláriwo ni mí?" Àwọn èèyàn ń gbọ́ ohùn wọn lójú títì. Ká má purọ́, kò sọ́rọ̀ tó bá ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ mu ju èyí tí mo kọ yẹn lọ.

Alága ló ní kí n wo díkíṣọ́nárì lórí fóònù. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé Látìn ló ti wá: vox ni ohùn, ferre sì ni gbé. Gbé ohùn! Mo tún sún mọ́ wọn: "Màmá, ẹ gbóhùn sókè lórí owó wa ni mo kọ."

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Kí ló dé tí o ò wí bẹ́ẹ̀ látàárọ̀?" Wọ́n jókòó. "Mo gbóhùn sókè. N ó sì tún gbé e. Owó dà?"

Akápò bẹ̀rẹ̀ sí í tú báàgì ẹ̀ wò.