Báwo ni kí n ṣe kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Máàkù 16 láìfi òótọ́ pamọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọ̀dọ́ ní Bíbélì. A ti fẹ́ dé Máàkù 16, àwọn ọmọ sì ti rí i lórí fóònù pé Bíbélì òde òní fi àkámọ́ yí ẹsẹ 9 sí 20 ká. Òótọ́ ni: Sinaiticus àti Vaticanus, ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì ti ọ̀rúndún kẹrin, parí sí ẹsẹ 8, níbi tí àwọn obìnrin ti sá kúrò ní ibojì, tí ẹ̀rù ò jẹ́ kí wọ́n sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Irenaeus, aṣáájú ìjọ àtijọ́ kan, ti fa ẹsẹ 19 yọ ní nǹkan bí ọdún 180, kì í ṣe àfikún àná. (Ẹsẹ 18, ti ejò àti ohun tó ń pani, ló ń dẹ́rù bà mí jù: ẹnì kan lè lọ dán an wò!)

Tí mo bá ní èṣù ló ń fi iyèméjì sí wọn lọ́kàn, wọn ò ní bi mí ní nǹkan kan mọ́. Tí mo bá sì da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní irọ́ ni ìyókù. Mo ń rò ó kí n fi 1 Kọ́ríńtì 15:3–8 ṣáájú, torí wọ́n ti kọ ọ́ kí wọ́n tó kọ Máàkù, ẹ̀rí àjíǹde sì wà níbẹ̀. Ṣé ó tó? Ṣé kí n pín in sí ọ̀sẹ̀ méjì? Ṣé kí n sì kọ́kọ́ fi tó pásítọ̀ létí?